Ìwé Tí Mo Kọ́ Síkírá Nílé Aláró

Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n torí rẹ̀ gbà mí síṣẹ́, kì í ṣe ìwé. Ìyá Síkírá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú, ó sì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó kọ́ mi níṣẹ́, ló mú mi lọ bá a. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà, Adígbẹ́ sì ni mo ti ń rìn wá láràárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n béèrè orúkọ mi kí wọ́n tó gbọ́ ọ, nítorí ojú máa ń tì mí, ohùn mi kì í sì í jáde níwájú ẹni tí n kò mọ̀.

"Dúpẹ́?" ni Ìyá Síkírá wí. "Ó dáa. Ẹnu kọ́ la fi ń ya aṣọ."

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, láfún la fi ń se ẹ̀kọ yìí pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀, títí yóò fi ki. A ó ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, a ó fi ya ẹyẹ tàbí ewé tàbí ohun tó bá wù wá sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè mú un. Bí aṣọ bá ti ìkòkò aró jáde tó sì gbẹ, a ó ha ẹ̀kọ kúrò, ohun tí a yà yóò sì yọ ní funfun. Ènìyàn méjì ló sábà máa ń jókòó ti aṣọ kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, pátákó gbọọrọ láàárín wọn. Ẹyẹ tí mo bá yà níwájú mi, orí ni yóò fi dúró lójú ẹni tó kọjú sí mi, kò sì sẹ́ni tí ìyẹn ń dùn. Aṣọ kò lórí, kò nídìí. Ibi tó bá wu obìnrin ni yóò fi ṣe òkè nígbà tó bá ń ró o. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn: ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó kọjú sí mi, èmi sì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Síkírá nìkan ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ibà kan mú un, ibà náà lọ, ó sì mú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó ti pé ọmọ ọdún méje nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì fi ń pọ̀n ọ́n lọ sí balùwẹ̀. Orí àpáta ni ilé wọn wà, orí àpáta mìíràn ni ilé ìwé wà, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti fún un lórúkọ tí n kò ní kọ síbí. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní fi ọmọ òun ṣe ẹran ẹ̀sín fún ẹnikẹ́ni. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí ẹní ni ó ń jókòó sí, ní òdìkejì pátákó tí mo ti ń ya aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri níbi tí òòrùn kì í dé.

Mo ní ìwé kíkà àtijọ́ kan, ti Primary Two. Mo fi ń tẹ ìyẹ́ adìẹ mọ́lẹ̀ kó má baà ká ni. Lọ́jọ́ kan, Síkírá nàka sí i.

"Àǹtí, kí ló ń wí?"

"Ó ní, 'Adé ní ajá kan.'"

"Kí ni ajá náà ń jẹ?"

Mo ṣí ojú ìwé kejì, mo sì kà á fún un. Ìyá rẹ̀ ń ro aró lọ́wọ́, ó sì gbọ́.

"Dúpẹ́, o mọ̀wé?"

"Díẹ̀ ni, mà. Primary Five ni mo dé kí àìsàn ìyá mi tó dé."

"Ó ju tèmi lọ. Tèmi ò dé One. Kọ́ ọ."

Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn. Títí dòní olónìí, àwọn ìyá kan ṣì ń wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn kọ́ ọmọ nílé, mo sì máa ń kọ̀. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni.

Ọ̀pọ̀ ohun ni àwọn ènìyàn rò nípa ọmọ tí à ń kọ́ nílé tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé à ń fi Síkírá pamọ́ nítorí àrùn tó ń ràn. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀lẹ ni. Wọ́n tún ní kò ní mọ ènìyàn bá gbé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí oníbàárà ìyá rẹ̀ tí kò mọ ìwà rẹ̀, ó sì mọ èyí tó ń purọ́ kó tó ya ẹnu. Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ jù nínú wọn ni Ìyá Kútọ̀. A ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìdíkọ̀ Kútọ̀ ló ti ń ta aṣọ wa fún àwọn tó ń lọ sí Èkó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà tí kò ní agogo!" Bó ṣe máa ń kí mi nìyẹn. "Síkírá, àkókò ìsinmi ti tó, sáré lọ ra mọ́ínmọ́ín!"

"Ẹ bá mi rà á bọ̀, mà," ni Síkírá dá a lóhùn. "Tiyín ni ẹsẹ̀ tó gùn."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ! Ìyá Síkírá, ọmọ tí pankẹ́rẹ́ ò tíì bà, ìwé wo ló fẹ́ mọ̀? Ìwé kì í wọlé láìsí ẹgba."

"Ìwọ tí ẹgba ti bà dáadáa," ni Ìyá Síkírá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú aró, "ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò tó o gbé lọ́wọ́ yẹn fún wa."

Ìyá Kútọ̀ wo àpò náà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Mo ti wá rí i báyìí pé àwọn tó ń yìn wá gan-an ni wọ́n jìnnà sí òótọ́ jù. Ìyá Síkírá máa ń sọ fáwọn obìnrin pé, "Nílé ìwé, tíṣà kan, ogójì ọmọ. Lọ́dọ̀ mi, tíṣà kan, ọmọ kan. Kí ló lè fara pamọ́ fún un?" Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Òun ni mo gbà gbọ́ jù.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń tẹ́ ìwé náà sórí pátákó níwájú mi, màá fi òkúta kéékèèkéé tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ mi. Ìdí ìyẹ́ adìẹ, ibi tí kò kan ẹ̀kọ, ni mo fi ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀. Síkírá á fà sún mọ́ pátákó lódìkejì, á máa tẹ̀ lé ìyẹ́ náà pẹ̀lú ojú, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìka. Bí a bá ń kọ nǹkan, mo gbé síléètì sórí pátákó láàárín wa, mo kọ tèmi sójú kan, ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ dára. Kí ọdún kejì tó pé, ó ti ń ka ìwé yẹn láìdúró, ó sì ti ń bá mi rẹ́rìn-ín sí ajá Adé tí kì í yó.

Bàbá rẹ̀, Alhaji, ń ta aṣọ ní ọjà. Kò mọ ìwé òyìnbó, kéú ló kà, ó sì kà á dójú àmì. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Aláásàrì, ó dúró sẹ́yìn ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń kàwé.

"Máṣáà Allāhu! Ẹ wò ó bí ìka rẹ̀ ṣe ń ti ọ̀tún bọ̀ wá sósì! Bí a ṣe ń ka kéú gan-an nìyẹn. Ta ló wá ní ti òyìnbó yàtọ̀?"

Mo wo ìka Síkírá láti ibi tí mo jókòó. Òsì ló ti ń bọ̀ lọ sọ́tùn-ún. Mo rò pé Alhaji ló ṣì í sọ. Ọmọbìnrin bíi tèmi wo ni yóò sọ fún Alhaji pé kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ.

Ìgbà kan tún wà tí wọ́n gbé agolo mílíìkì fún un, tó dojú rẹ̀ délẹ̀ tó ń wò ó. Mílíìkì dà sórí ẹní. Ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn, Síkírá ní, "Mo fẹ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀ ni." A fi ṣe ẹ̀rín fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Síkírá ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Alhaji lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tó wà lókè àpáta. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, kò sì sí àwíjàre mọ́. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n mú un wá. Ó ní bó bá lè kàwé tó sì lè kọ orúkọ rẹ̀ àti gbólóhùn kan tàbí méjì, òun yóò fi í sí Primary Four pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, á bẹ̀rẹ̀ láti One.

Alhaji gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú gbogbo wa. "Bí wọ́n bá fi í sí Four, màá kan kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta fún un, màá sì gba ẹni tí yóò máa tì í lọ tì í bọ̀. Àmọ́ mi ò ní gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ò lè rìn lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí kò bá bọ́ sí i, kó lọ bá ìyá mi ní Ọ̀dẹ̀dá. Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́."

"Á bọ́ sí i," ni Ìyá Síkírá wí. Ó wò mí. "Àbí?"

"Á bọ́ sí i, mà," ni mo wí.

Ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n lọ, èmi gbé síléètì tẹ̀ lé wọn. Síkírá wọ aṣọ tí èmi àti ìyá rẹ̀ yà fúnra wa. Bó ṣe ń lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń ka gbólóhùn jáde sí mi létí, èmi sì ń mi orí.

Ọ̀gá ilé ìwé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dìde fún wa, ó sì gbé ìjókòó fún Síkírá nídìí tábìlì fúnra rẹ̀. Ó jókòó sí òdìkejì, ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Síkírá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì yí i padà, kí orí rẹ̀ lè kọjú sí ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ sí ọ̀gá.

"Rárá, ọmọ mi, ìwọ ni kó o kà á, kì í ṣe èmi," ni ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń dá ìwé padà fún òun ni. Ó yí i padà sí i.

Síkírá wo ìwé náà. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún yí i.

Ọ̀gá wá dìde, ó yí tábìlì ká, ó dúró tì í léjìká. Ó gbé ìwé náà dúró dáadáa, ó fi ọwọ́ dì í mú. "Kà á báyìí."

Ìka Síkírá lọ sí ọ̀tún, sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró síbẹ̀. Ó yí ọrùn rẹ̀ títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo rí i. Mo rí pátákó wa níwájú mi, ìwé tó kọjú sí mi, òkúta mẹ́rin, àti ọmọ tó jókòó sí òdìkejì fún ọdún mẹ́ta, tí ìwé ń dorí kodò lójú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí n jókòó sí, n kò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti kọ́ ọ ní ìwé bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ya aṣọ.

"Jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Wọ́n fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ó ń kọ lọ sósì, kò dúró, títí ó fi kọ ìlà méjì. Tíṣà kan tó wọlé bọ̀ yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

"Kéú nìyí, sà?"

"Kì í ṣe kéú," ni ọ̀gá wí. "N ò mọ ohun tó jẹ́."

Tíṣà náà bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́: "Ṣé orí ọmọ náà pé?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. *Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà sí ibi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ wá wò ó.* Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ìyá Síkírá yíjú sí mi, ó ní, "Dúpẹ́, sọ̀rọ̀. Ìwọ lo kọ́ ọ." Ọkùnrin méjèèjì wò mí. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ẹ ò rí i, ìyá," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Bí ìwé kíkọ́ nílé ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọ á há nǹkan sórí lásán. Ẹ mú un wá sí One lọ́dún tó ń bọ̀."

Lójú ọ̀nà, Síkírá gbé ojú lé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Alhaji gbé e wọ mọ́tò Ọ̀dẹ̀dá.

Wọn kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìbá sàn kí wọ́n lé mi. Aṣọ ni mò ń yà lójoojúmọ́, òdìkejì pátákó ṣófo, Ìyá Síkírá kò sì bi mí ní ohunkóhun. Ìyá Kútọ̀ pàápàá dẹ́kun àwàdà. Bó bá dé, á kí wa pé ẹ kú iṣẹ́, á sì gbé aṣọ rẹ̀.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni mo tó lè gun àpáta yẹn. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé ìwé, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà, pé òdìkejì ìwé ni Síkírá jókòó sí nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kí ó tó yé e. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó tú ìwé inú rẹ̀, ó sì rí bébà náà. Ó yí i padà. Ó kà á sókè: "Orúkọ mi ni Síkírátù. Ìyá mi ń rẹ aṣọ."

Ó jókòó.

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ojú tì mí, sà."

Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. "Mú un wá. Màá fi í sí Three, a ó jọ tún un ṣe."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Síkírá, ó jókòó sílẹ̀ nídìí ìkòkò aró. Kò bú mi. Ó ní, "Lọ mú ọmọ mi wá," mo sì wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀dẹ̀dá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Abẹ́ igi ni mo bá Síkírá, òkìtì ẹ̀gẹ́ níwájú rẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ." Síkírá kí mi, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí." Mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣí ìwé ajá Adé síwájú àwa méjèèjì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí pátákó títí dé bébà tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo ní ọ̀gá ti rí i pé ó mọ̀ ọ́n kọ. Mo ní ó ti ní kí n mú un wá.

Ó wo ìwé náà. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé pé nǹkan kan ò ṣe mí lórí?"

"Nǹkan kan ò ṣe ọ́ lórí."

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ mọ̀ ọ́n?"

Ǹ bá ti parọ́. Ọmọ tó mọ irọ́ kó tó jáde lẹ́nu ènìyàn ni.

"Lọ́jọ́ yẹn," ni mo wí. "Ní ọ́fíìsì."

"Nígbà tí tíṣà yẹn ń rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ó bó o tán, ó jù ú sínú abọ́ omi, ó sì mú òmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pe ìyá àgbà kó bá mi bẹ̀ ẹ́, òun náà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí awakọ̀ ń fọn fèrè, Síkírá nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó pa ìwé náà dé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan.

"Ẹ bá mi kí Màámi," ni ó wí. "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti mọ ẹ̀gẹ́ bó."